Òróró Màmá àti Eruku Ojú Sánmà

Kò sí ẹni tó wọ ilé Màmá wa ní Ire-Akari ní Isolo tí kò gba òróró àdúrà kó tó gba omi. Bí ẹ bá ti ń sọ pé "Ẹ kúulé o," àtàǹpàkò Màmá á ti wà lẹ́nu ìgò. Kí ẹ tó rí àga jókòó, wọ́n ti fa àgbélébùú sí yín níwájú orí. Kì í sì í ṣe orí ènìyàn nìkan. Géètì gba tirẹ̀, jẹnẹrétọ̀ gba tirẹ̀, sílíńdà gáàsì gba tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí i. Lọ́jọ́ kan mo bá wọn tí wọ́n ń fa òróró sára àpò ìrẹsì. Mo bi wọ́n pé kí ni àpò ìrẹsì fẹ́ fi òróró ṣe. Wọ́n ní, "Kó má tètè tán ni, Àjọkẹ́."

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí pé òróró yẹn ló fẹ́ ba orúkọ Màmá jẹ́ nígbà tí wọ́n darúgbó, ohun tí wọ́n sì ṣe sí ọ̀rọ̀ náà ni mo fi mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Àwọn tó wá kẹ́dùn ikú Màmá ti sọ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ dìde níbi ìsìnkú, ó ní Màmá wa ti di ìràwọ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gba makirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá tí èmi mọ̀, bí ẹ bá sọ fún wọn pé àwọn ti di ìràwọ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú ẹ̀rí wá.

Màmá ló bí ìyá mi. Abẹ́òkúta ni wọ́n dàgbà sí, nínú ilé tí àdúrà ti ń ṣáájú ẹ̀kọ àárọ̀. Kẹ́mísírì ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní yunifásítì títí ọjọ́ orí fi ní kí wọ́n lọ sinmi. Àwa rò pé wọ́n á wá jókòó tì wá, kí wọ́n máa bá wa wo àwọn ọmọ. Kò sóhun tó jọ ọ́. Kò pẹ́ rárá tí Màmá fi padà lọ bá àwọn ará yunifásítì, wọ́n ní àwọn ò bèèrè owó oṣù, ẹ̀rọ ni kí wọ́n jẹ́ káwọn máa lò. Ìyá mi bá wọn jà lórí ẹ̀ títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Màmá dá a lóhùn pé, "Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe tán. Tèmi ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Tiwọn yẹn ò rọrùn láti ṣàlàyé fún èmi tí mò ń ta léèsì ní ọjà Aswani. Apakun ni mo ti wá lóye rẹ̀. Èmi àti Màmá dúró ra bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Típà kan ti ta òkúta sí gíláàsì iwájú mọ́tò mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ń ṣépè fún dírẹ́bà náà láti ilé títí dé ibẹ̀. Màmá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa ojú ibi tí òkúta náà gbẹ́.

"Òkúta yẹn dà?"

"Ó ti lọ, mà. Ọlọ́run ló máa mú dírẹ́bà yẹn."

"Kò tíì lọ tán." Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ lára gèlè wọn, wọ́n fi ha inú ihò náà, wọ́n sì fi ìyẹ̀fun aláwọ̀ eérú tó bá a jáde hàn mí lórí èékánná. Òkúta ni lóòótọ́. "Olè tó bá sáré jù, fìlà rẹ̀ á já sílẹ̀. Fìlà olè ni mò ń wá kiri, Àjọkẹ́."

Bí mo ṣe jẹ bọ̀ọ̀lì mi tán ni wọ́n ṣàlàyé tán. Àwọn sátẹ́láìtì tí aráyé ń rán lọ sókè, níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí mọ́, eruku ń lù wọ́n lọ́hùn-ún. Eruku ọ̀hún kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, ṣùgbọ́n ó ń sáré ju ọta ìbọn lọ. Bó bá ti kọlu nǹkan, á yọ́, á gbẹ́ ihò, á sì lẹ̀ mọ́ inú ihò náà fẹ́ẹ́rẹ́. Òmíràn jẹ́ ọ̀dà tó bó lára àwọn sátẹ́láìtì àtijọ́. Òmíràn jẹ́ ìyẹ̀fun irin. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé eruku àtètèkọ́ṣe ni, ó ti ń rìn kiri lójú sánmà kí ayé wa yìí tó dúró. Bí àwọn òyìnbó bá rí awẹ́ kan lára sátẹ́láìtì mú bọ̀ wálẹ̀, ẹnì kan ní láti yọjú wo ihò kọ̀ọ̀kan nínú maikirosikóòpù ńlá, kó sọ irú èyí tó wà níbẹ̀. Ẹni yẹn ni Màmá wa fẹ́ jẹ́.

Wọ́n le nídìí iṣẹ́ yẹn ju bó ṣe yẹ kí ìyá arúgbó le lọ. Wọ́n wá bá mi ní Aswani lọ́jọ́ kan pé àwọn ń wá aṣọ funfun tí wọ́n máa fi nu nǹkan iṣẹ́, aṣọ tí kò ní já fọ́nrán òwú kankan sílẹ̀. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ṣadé tó ń ta aṣọ òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá Ṣadé búra pé ojúlówó ni tòun. Màmá gba aṣọ náà, wọ́n fi ra ara aṣọ dúdú kan, wọ́n gbé e síta sínú oòrùn, wọ́n sì yọ gíláàsì awò wọn nínú báàgì. Fọ́nrán òwú ti wà lára aṣọ dúdú náà. Wọ́n ní kí Ìyá Ṣadé tú òmíràn. Wọ́n tún ra á. Wọ́n ní kó tún tú òmíràn.

Ìyá Ṣadé kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin Màmá, ẹ dákun, ṣé ẹ fẹ́ ra aṣọ yìí ni àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ sílé?"

Gbogbo ìlà wa ló rẹ́rìn-ín, Màmá gan-an ló rẹ́rìn-ín jù. Ṣùgbọ́n wọn ò kúrò níbẹ̀ títí tí wọ́n fi rí èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Bá a ṣe ń lọ, wọ́n ní, "Aṣọ tó ń ta èérí, kí ló fẹ́ nù?"

Ẹni tó ń ṣe báyìí lórí òwú ni òróró wá mú o.

Màmá ní ọ̀rẹ́ kan lókè òkun, òyìnbó ni, Máátà ni wọ́n ń pè é. Òun ló bá wọn bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n fi yá Màmá ní awẹ́ pẹlẹbẹ kan tó ti pẹ́ lójú sánmà, tó kún fún ihò wínníwínní. Inú àpótí pẹlẹbẹ tó ní ìdérí ló wà nígbà tó dé Ire-Akari. Màmá kúnlẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì fi òróró fa àgbélébùú sórí ìdérí rẹ̀. Gbogbo wa ṣe Àmín. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan níbẹ̀. Awẹ́ náà fúnra rẹ̀, Màmá kì í fọwọ́ lásán kàn án. Ìbọ̀wọ́ ni wọ́n máa ń lò, wọ́n á sì bo imú àti ẹnu. Ṣùgbọ́n ìdérí kì í ṣe awẹ́, ìdérí dà bíi géètì ilé lójú wọn.

Maikirosikóòpù yunifásítì bàjẹ́ lákòókò yẹn, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa tún un ṣe. Bí àpótí náà ṣe jókòó nínú wọ́dúróòbù Màmá nìyẹn, nínú ooru. Láràárọ̀ ni ìdérí ń gba òróró tirẹ̀ bí ọmọ tó ń gba oúnjẹ.

Nígbà tí wọ́n wá tún ẹ̀rọ náà ṣe tán, kí ni Màmá rí nínú ihò? Kábọ́ọ̀nù, irú èyí tó wà nínú èédú àti nínú ohun gbogbo tó ní ẹ̀mí. Rẹpẹtẹ. Máátà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè fún ayọ̀ lórí fóònù, torí eruku ojú sánmà tó ní kábọ́ọ̀nù púpọ̀ báyẹn ṣọ̀wọ́n, òun ni wọ́n fi ń wádìí ibi tí ohun tí a fi dá ẹ̀mí ti wá. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní bó bá dúró bẹ́ẹ̀, àwọn á rán awẹ́ ńlá wá, àwọn á sì fún yunifásítì ní ẹ̀rọ tuntun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Délé, ọ̀gá ẹ̀ka kẹ́mísírì, tó jẹ́ pé Màmá ló kọ́ ọ níṣẹ́, ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá, ó pe ayé, ó pe ọ̀run. Ṣọ́ọ̀ṣì Màmá náà ti dúpẹ́ tiwọn ṣáájú.

Kó tó di ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn, mo bá Màmá nídìí tábìlì oúnjẹ wọn, àwọn àwòrán ihò tò síwájú wọn. Wọn ò fi òróró kí mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

"Àjọkẹ́, inú gbogbo ihò ló wà."

"Ẹ kú oríire, mà!"

"Gbọ́ mi. Inú gbogbo ihò ni mo sọ. Èyí tí ọ̀dà gbẹ́, ó wà níbẹ̀. Èyí tí irin gbẹ́, ó wà níbẹ̀. Kí ni irin fẹ́ fi gbogbo kábọ́ọ̀nù yìí ṣe? Àlejò tí ẹ bá bá ní gbogbo yàrá, kì í ṣe àlejò. Onílé ni."

Wọ́n gbójú sókè láti mu omi, ojú wọn sì bọ́ sí ìgò òróró lórí fìríìjì. Mi ò lè gbàgbé bí ojú yẹn ṣe rí. Wọ́n dìde lọ sí kíṣìnì, wọ́n gé fóìlì tí a fi ń se mọ́ínmọ́ín sí méjì, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún àwọn méjèèjì wínníwínní. Wọ́n fi ọ̀kan sínú àpótí olómọrí, wọ́n fi òróró sórí ìdérí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n fi ìkejì sínú òmíràn tí kò ní òróró. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fa òróró sórí èyí àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ń fi èyí kejì sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé méjèèjì lọ sábẹ́ maikirosikóòpù, èmi ni mo wà wọ́n lọ. Òróró, tí kábọ́ọ̀nù kún inú òun náà, ti yọ́ gba etí ìdérí wọlé, ó sì ti sá sínú àwọn ihò fóìlì àkọ́kọ́. Èyí kejì mọ́ tónítóní. Màmá wọ mọ́tò, mo wà wọ́n dé Isolo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé, "Òróró mi ni."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Délé wá sílé lọ́jọ́ kejì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde.

"Màmá, mo bẹ yín. Ẹ jẹ́ ká ní ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́. Irọ́ kọ́ nìyẹn, mà. A kàn máa dákẹ́ ni. Ẹ rò ó wò, ẹ̀rọ tuntun! Àwọn ọmọ wa ń fi ẹ̀rọ tó ti kú tán ṣiṣẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

"Ìwọ ti mọ̀. Èmi náà ti mọ̀. Délé, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyí?"

Màmá bu oúnjẹ fún un, ó sì jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń jẹ oògùn.

Ẹ má rò pé ọkàn wọn balẹ̀. Nígbà tó lọ tán, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Àjọkẹ́. Wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín." Mo sunkún, torí mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá rí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Mo ní bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n, kí wọ́n jẹ́ ká fi sílẹ̀ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe wí. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù ń bà mí ni mo wí, mi ò ní mi ò lọ."

Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Màmá náà gbọ́. Tiẹ̀ tún yàtọ̀. Ó ní bí Màmá bá dúró níwájú àwọn alákọ̀wé pé òróró àdúrà ló ba iṣẹ́ jẹ́, àwọn aláìgbàgbọ́ á rí ọ̀rọ̀ sọ sí àwọn. Ó ní kí wọ́n kúkú pè é ní ìdọ̀tí lásán. Màmá ò bá a pariwo, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un gan-an. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, òróró ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo gbé e lọ síbi tí wọn ò pè é sí. Bí mo bá pè é ní ìdọ̀tí, ìgbà yẹn gan-an ni mo bú u."

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi àti ìyá mi wà ní ìlà iwájú, ara mi ò lélẹ̀. Màmá gun orí pèpéle, wọ́n tún awò ojú wọn ṣe. Wọ́n ní, "Ẹ kú àbọ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo rí nínú ihò. Òróró àdúrà mi ni mo rí."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi, àwọn kan ń lu tábìlì. Màmá dúró. Wọn ò bínú, wọn ò sì bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn dúró títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu oníkálukú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àwòrán fóìlì mọ́ínmọ́ín méjèèjì sókè, wọ́n sì kọ́ gbogbo gbọ̀ngàn náà bí ènìyàn ṣe ń mú ara rẹ̀ nínú àṣìṣe. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan látẹ̀yìn wá bèèrè bóyá Màmá máa fi òróró sílẹ̀ wàyí.

"Mi ò ní fi òróró sílẹ̀. Mi ò sì ní fi iṣẹ́ sílẹ̀. Oníkálukú wọn á ní yàrá tirẹ̀."

Kì í ṣe pé ayé wá pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àwọn ọ̀gá Máátà ní kí awẹ́ wọn padà wá, ẹ̀rọ tuntun sì lọ sí ibòmíràn. Ẹnì kan gé fídíò ọjọ́ náà kù sí ibi ẹ̀rín nìkan, ó sọ Màmá ní Ìyá Olóróró, ó sì di ohun tí wọ́n ń pín kiri. Oníbàárà mi kan fi ránṣẹ́ sí mi, ó fi ẹ̀rín sí i. Mo dá owó léèsì rẹ̀ padà, mo ní kó wá ibòmíràn rà á. Màmá ní mo ṣàṣejù. Àwọn fúnra wọn ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Fóònù Máátà ni wọ́n ń pè.

Wọ́n bẹ àwọn ọ̀gá ọ̀hún fún awẹ́ mìíràn, àwọn yẹn kọ̀. Bí oṣù bá ti lé, Màmá á tún pè. Ìyá mi ní ó ń ti òun lójú, pé ẹni tí wọ́n ti lé kì í padà lọ kan ilẹ̀kùn. Màmá ní, "Tèmi kọ́ ni kó rẹ̀ mí. Tiwọn ni kó rẹ̀ wọ́n." Ó sì rẹ̀ wọ́n lóòótọ́. Máátà bá wọn jà, wọ́n sì fi awẹ́ kan ránṣẹ́ tí kò tó èékánná àtàǹpàkò mi.

Kíndìnrín Màmá ti ń ṣàìsàn lásìkò yìí. Síbẹ̀, wọn ò jẹ́ kí àpótí kejì yìí tẹ ilẹ̀ Ire-Akari rárá. Yunifásítì ló sọ̀ sí tààrà. Lọ́jọ́ iṣẹ́, Màmá kì í fi òróró, ìpara tàbí àtíkè kan ara wọn. Ẹsẹ̀ wọn funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn nínú eérú, ìyá mi á sì máa sunkún pé àwọn aráàlú á rò pé a ò tọ́jú wọn. Tí wọ́n bá darí dé lálẹ́, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á para, wọ́n á wá fi òróró sí gbogbo wa lórí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ń san gbèsè.

Nínú gbogbo ihò tí wọ́n wò, ọ̀dà ló pọ̀ jù. Ihò kan ṣoṣo ló ta wọ́n lọ́fà. Magnísíọ̀mù wà níbẹ̀, sílíkọ̀n wà níbẹ̀, irin àti imí-ọjọ́ díẹ̀ náà wà níbẹ̀, ọ̀dà ò sí, òróró ò sí. Eruku àtètèkọ́ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Délé ti fẹ́ pariwo, Màmá ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Wọ́n gé awẹ́ náà sí méjì, wọ́n fi ìdajì tí ihò yẹn wà lára rẹ̀ ránṣẹ́ padà sí Máátà, wọn ò sì sọ èyí tí àwọn ń fura sí nínú àwọn ihò ibẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn tọ̀hún fi ẹ̀rọ tiwọn wò ó fúnra wọn. Ìdajì kejì, tí wọn ò tíì yọjú wò rárá, ni wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ní yunifásítì.

Lẹ́yìn náà ni a ń retí. Màmá ń gbẹ lójú wa. Ohun tó ń dùn mí ni pé kí wọ́n má lọọ fi orúkọ Ìyá Olóróró yẹn kú. Mo gbàdúrà nípa rẹ̀ débi pé ó sú mi.

Ọ̀sán ni Máátà pè. Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Délé wá kí wọn, ìyá mi ń bó ọsàn. Mo fi fóònù sí sípíkà. Máátà dárúkọ ihò náà, ihò yẹn gan-an, ó ka ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yẹ̀ rárá. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ti gbà, orúkọ Màmá ló sì máa ṣáájú. Ìyá mi kígbe, ọsàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Délé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Èmi ò mọ ohun tí mò ń ṣe, mo kàn ń pe orúkọ Màmá ṣáá.

Màmá tẹ́tí sí Máátà títí ó fi parí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Délé nílẹ̀ níbẹ̀.

"Àwọn ihò inú ìdajì tó kù ní yunifásítì ńkọ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ̀ ná," ìyá mi wí.

"Ẹ máa yọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ̀ tán nínú yín, kó bá mi mú bàtà wá."

Mo nu ojú mi, mo lọ mú bàtà.